Ìhágún Lórí Ilé Aláìnílẹ̀kùn àti Ilẹ̀kùn Méje Tó Wà Nínú Rẹ̀

Ọwọ́ ọ̀tún mi ti kọ iṣẹ́ láti ọjọ́ kejì oṣù yìí. Mo ń rẹ́ igun ẹnu ọ̀nà yàrá kẹta nígbà tí tírówẹ̀lì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, àwọn ìka kò ká. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ tẹ̀lé mi bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú jáde. Dókítà ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni, irú rẹ̀ kejì lè dé, òun kò sì lè dá ìgbà. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún atẹ̀wé ọ́fíìsì wa, ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, tó ń tẹ̀ ẹ́.

Èmi, tí wọ́n mọ̀ sí Akọ̀wé Àgbà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, tí ìyàwó mi ń pè ní Bàbá Ilé-Ò-Tán, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, sọ ọ́ pé orí mi pé, iyè mi kò rá, ẹnikẹ́ni kò sì tì mí síbi tí mo ń lọ. Ìyàwó mi, ọmọ mi obìnrin, àti ẹ̀gbọ́n mi gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

1. Ilé oníyàrá mẹ́rin tí mo kọ́ ní Sátidé àti ní àkókò ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, fún ọdún méjìdínlógún, di ti ìyàwó mi. Ó ti ní òrùlé àti fèrèsé. Ohun tó kù ni àjà pálọ̀, ọ̀dà, àtẹ̀gùn iwájú, àwọn igun ẹnu ọ̀nà, àti ilẹ̀kùn inú ilé, méjèèje.

Ìyàwó mi pò sìmẹ́ǹtì fún mi ní gbogbo Sátidé ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé kò ní kó wọ ilé náà bó ṣe wà yìí. Ó ti sọ fún mi nínú yàrá méjì tí a háyà pé òun kò ní máa bọ́ aṣọ níbi tí ẹni tó ń kọjá lọ sí ilé ìdáná ti lè dúró kí òun. Mo pe gbẹ́nàgbẹ́nà mìíràn lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó mi lé àwọn méjèèjì. Ó ní ilẹ̀kùn wà nílé, ẹni tí yóò gbé e kọ́ ni kò sí, èmi náà sì mọ ilé rẹ̀.

2. Téèpù ìwọ̀n mi, kí ẹnikẹ́ni má jogún rẹ̀. Kí ẹ jù ú sínú kọ̀nkéré nígbà tí ẹ bá ń da àtẹ̀gùn iwájú.

Ní ọdún kejì ìkọ́lé, iwájú téèpù náà ká jọ, mo sì fi àlùmọ́gàjí gé íǹṣì méjì kúrò. Mo pinnu pé n ó máa yọ méjì nínú ohunkóhun tí mo bá kà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà mo gbàgbé. Gbogbo ẹnu ọ̀nà tí mo kọ sílẹ̀ pé ó fẹ̀ ní íǹṣì mẹ́rìndínlógójì, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni.

3. Ilẹ̀kùn méje tó fara ti ògiri pálọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó gbẹ́ wọn.

Ó fẹ́ wá wọn àwọn ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ṣé èmi tí mo ń tọ́jú ìwọ̀n ilẹ̀ gbogbo ìlú ni n kò ní mọ ìwọ̀n ilé mi? Ó gbẹ́ wọn bí mo ṣe kọ ọ́. Ìgbà tó kó wọn dé, ìkankan nínú wọn kò wọ ibi tí a ṣe é fún. Níwájú bíríkìlà àti ọmọ mi, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n mí dàgbà pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kó fi ayùn sílẹ̀ fún ọmọdé. Kò jà. Ó ní, “Àbúrò, tún un wọ̀n.” Mo tún un wọ̀n lójú rẹ̀, pẹ̀lú téèpù kan náà, téèpù sì gbè sẹ́yìn mi. Téèpù tirẹ̀ wà nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Kò yọ ọ́. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó ti fura, tó fẹ́ kí n rí i fúnra mi.

4. Ajá tó ń ṣọ́ ilé di ti ọmọ mi.

Lẹ́yìn ìjà náà ni mo sọ ajá yìí ní Ìwọ̀n-Ò-Purọ́, kí n lè máa ké e sókè bí ẹ̀gbọ́n mi bá ń kọjá ní òpópónà wa. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Kò pé oṣù kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ọmọ mi, wá orúkọ mìíràn fún un. Ajá náà ti darúgbó, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ẹ.

5. Àkàbà, bárò àti gbogbo tírówẹ̀lì di ti onítáìlì tó tẹ́ ilẹ̀ ilé náà.

Òun ló gbé téèpù tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi lóṣù tó kọjá, tó bú sẹ́rìn-ín pé, “Bàbá, téèpù yín ò nímú o! Ta ló gé e jẹ?” Mo jókòó sórí àpò sìmẹ́ǹtì. Ó rò pé oòrùn ló mú mi, ó lọ bu omi wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ àwọn ẹnu ọ̀nà náà fẹ̀, nítorí mo fẹ́ kí ilẹ̀kùn wọlé kí n tó lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Mo parí méjì. Ẹ̀bẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú.

6. Mo yan ẹ̀gbọ́n mi láti bójú tó ìhágún yìí, bó bá gbà.

Mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i, mo sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ téèpù. Ìyàwó rẹ̀ sọ lórí fóònù pé ó kà á, ó tún un kà, ó sì fi í sápò. N kò lè rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ dọ̀bálẹ̀. Bí wọ́n bá gbé mi lọ, n kò ní lè dìde. Lójoojúmọ́ ni ọmọ mi ń gbé mi wá jókòó sí pálọ̀ ilé tí n kò parí, èmi àti ilẹ̀kùn méje a máa wo ara wa. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá kọ̀, kí ìyàwó mi ṣe bó ti fẹ́. N kò ní lè bá a jiyàn mọ́.

Mo fi àtàǹpàkò òsì tẹ ìwé yìí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án, ojú àwọn méjèèjì yìí ló ṣe:

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́: Atẹ̀wé ọ́fíìsì wa.
Ẹlẹ́rìí kejì: Onítáìlì.
Alábòójútó: (kò tíì fọwọ́ sí i)

Àfikún, aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀, ọjọ́ kan náà: Wọ́n pe ẹlẹ́rìí kejì pé àwọn rí ẹ̀gbọ́n mi ní ibùdókọ̀, àpótí irinṣẹ́ wà lórí itan rẹ̀. Ọkọ̀ méjì ló ń kúrò níbẹ̀ ní àkókò yẹn. Ọ̀kan ń bọ̀ ní ọ̀dọ̀ wa, èkejì ń lọ sí apá ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. A ti pe ìyàwó rẹ̀ láti bi í èwo ló wọ̀. Kò tíì gbé fóònù.