Má Yọ Orí Kẹrin Kúrò Nínú Ìwé Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Èmi tí mo jókòó kọ lẹ́tà yìí ni wọ́n lé kúrò nílé ìwé ní kíláàsì kẹta nítorí mi ò ní bàtà. Èmi ni mo sin ọ̀gá télọ̀ fún ọdún méje, tó wá ní òun ò ní tú mi sílẹ̀ àfi tí mo bá fẹ́ àbúrò ìyàwó òun, mi ò sì fẹ́ ẹ. Abẹ́rẹ́ maṣíìnì gba àárín ìka mi kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ìka kan náà. Iná jó ṣọ́ọ̀bù mi àkọ́kọ́ di eérú, omi òjò gbé ìkejì lọ, onílé lé mi kúrò nínú ìkẹta, ó ní ariwo maṣíìnì mi ń da ìyá òun láàmú. Lónìí, maṣíìnì mẹ́sàn-án ló ń dún lábẹ́ òrùlé mi, mẹ́ta nínú wọn ń lo iná, kò sì sí ilé ìwé kan ládùúgbò yìí tí kì í ṣe èmi ni mò ń rán yúnífọ́ọ̀mù wọn. Mo kọ gbogbo èyí kí n tó kí ọ, kí o lè mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹni tí ẹnikẹ́ni lè dẹ́rù bà.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé o ń jẹun lásìkò? Olúwa yóò máa ṣọ́ ọ níbi tí o wà, ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń kun iwájú ilé, ó kùn ún dé ibi tí ọ̀dà ti tán, ó wá ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kun ilé lóde òní.

Mo gba lẹ́tà tí o kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á. Ìyá rẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, ó bú sẹ́kún, èmi ò sunkún, inú ló bí mi. O ní nínú gbogbo hóró ara èèyàn ni ìwé gígùn kan wà tí ẹ ń pè ní DNA, pé kí hóró kan tó pín sí méjì, àwọn kan á da ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè rí tirẹ̀ mú. Ó yé mi. O ní àwọn mìíràn wà tí iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa ka ojú ìwé tí ara bá nílò jáde. Ìyẹn náà yé mi. O ní o ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin, o sì rí i pé àwọn adàwékọ kì í lọ sílé tí wọ́n bá dà á kọ tán, ṣe ni wọ́n ń jókòó ti àwọn ojú ìwé kan, wọ́n á ti òmíràn pa kí ẹnikẹ́ni má kà á, wọ́n á sì ṣí òmíràn sílẹ̀. Ọ̀gá rẹ ní yunifásítì wá ní irọ́ ni, adàwékọ ò níṣẹ́ méjì, kí o yọ orí kẹrin tí o kọ ọ́ sí kúrò kí àwọn tó máa yẹ ìwé ìwádìí rẹ wò tó jókòó lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun ò ní fọwọ́ sí i. Ìwọ náà wá ń kọ ọ́ sí mi pé o fẹ́ yọ ọ́ kí àlàáfíà lè wà. Àlàáfíà ta ni?

Ohun kan ló kọ́kọ́ dà mí lọ́kàn rú. O pe àwọn adàwékọ yẹn ní purotéènì. Nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò ti sọ fún mi pé inú ẹ̀wà àti ẹyin ni purotéènì wà, mo sì ronú títí bí ẹ̀wà ṣe máa mú bírò. Mo wá rí i pé ìnagijẹ ni, torí pé wọ́n lágbára. Kò burú. Ṣùgbọ́n o ní inú fíríìjì lẹ ń tọ́jú wọn sí. Ọmọ mi, mi ò tọ́ ọ báyìí. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ méjì, tí ọ̀gá ní ẹyọ kan ló ń ṣe, ẹ tún wá tì wọ́n mọ́ inú yìnyín. Mo wo fọ́tò wọn tí o fi sórí fóònù mi, níbi tí wọ́n ti tò lọ dúdú dúdú. Èyí tó wà ní ìlà kẹta sanra ju àwọn yòókù lọ, ẹ máa ṣọ́ ọ, ó jọ pé ó ń jẹ oúnjẹ ẹlòmíràn.

Ní ti ọ̀rọ̀ adàwékọ, kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi. O mọ Ìyá Onígíláàsì tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé ní ṣọ́ọ̀bù, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa da àwọn bébà tí a fi ń gé aṣọ kọ sórí bébà tuntun tí ti tẹ́lẹ̀ bá gbó. Èmi náà rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Lọ́dún tó kọjá mo ṣàkíyèsí pé ó ti tó ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ò ti gé kọ́là ńlá tí mo fọwọ́ ara mi yà nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Mo wá bébà rẹ̀, ìsàlẹ̀ gbogbo bébà ni mo ti bá a, ó ti fi pínnì mẹ́rin dè é pa. Àwọn tó ń gé aṣọ ní tí àwọn bá ti rí pínnì, ṣe làwọn ń fò ó. Mo bi ìyá náà ta ló fún un láṣẹ. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní Bàbá, ọrùn ta lẹ fẹ́ fi kọ́là yẹn sí, àbí ẹ ti ń ránṣọ fún màlúù ni. Inú bí mi, mo ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Àwọn tó ń gé aṣọ tú gbogbo pínnì. Wọ́n gé apá aṣọ nọ́ọ̀sì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ ilé ìwé, ogójì ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n gé kọ́là mi náà mọ́ ọn. Ọ̀gá ilé ìwé wọlé, ó ní ṣé àwọn ọmọ òun fẹ́ fò lọ ni. Èmi fúnra mi ni mo lọ bẹ ìyá náà nílé, èmi tí mi ò bẹ ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tí mo ti dá dúró.

Wàá ti mọ ibi tí mò ń lọ. O ní ọ̀gá rẹ ní tí ẹ bá lé adàwékọ kúrò, tí ojú ìwé tó yẹ kó wà ní títì sì ṣí, kò túmọ̀ sí pé òun ló ń tì í, ó ní àdàkọ ló bàjẹ́. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ro ó. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ìyá yẹn fi wà nílé, kò sí bébà kan tó gbó. Kò sí ohun tí a fẹ́ dà kọ rárá. Gbogbo bébà pé, kò sí ìlà tó wọ́ nínú wọn, síbẹ̀ ṣọ́ọ̀bù dàrú. Tó bá jẹ́ pé àdàkọ nìkan niṣẹ́ rẹ̀, kí ló wá dàrú? Ìwọ lo sọ fún mi nígbà tí o wálé pé àwọn hóró kan wà, bíi ti inú ọpọlọ, tí wọn kì í pín mọ́. Lọ wo ọ̀dọ̀ àwọn yẹn. Tí o bá bá adàwékọ níbẹ̀, níbi tí kò ti sí ohun tí wọ́n ń dà kọ, kí ọ̀gá rẹ wá sọ ohun tí wọ́n jókòó ṣe níbẹ̀. Bóyá wọ́n ń gba atẹ́gùn.

Mo mọ̀ pé wọ́n lo máa ń pe ọ̀gá rẹ, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, ìwọ lò ń kọ́ṣẹ́. Èmi ò ní pè é ní wọ́n, mo lọ́mọ tó jù ú lọ. Tó bá ní òun ò ní fọwọ́ sí i, kó gbé bírò rẹ̀ relé. Ojú rẹ lo fi rí ohun tí o rí. Tí o bá yọ ọ́ lónìí, lọ́jọ́ kan ẹlòmíràn á kọ ọ́, wàá máa ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lábẹ́ orúkọ onítọ̀hún, wàá sì máa sọ pé èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, kò ní sẹ́ni tó máa gbọ́.

Fi owó ọkọ̀ èèyàn méjì ránṣẹ́, torí mò ń mú Ìyá Onígíláàsì bọ̀ wá jẹ́rìí. Kì í ṣe pé mi ò ní, ó kàn máa ń dùn mọ́ mi kí n lè sọ fún àwọn èrò ọkọ̀ pé ọmọ mi ló san án. Má sì fi í sínú fóònù mọ́ o. Nígbà tí o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bátìrì nìkan ni mo bá.

Ojú ò ní tì ọ́ láé. Ọ̀rọ̀ ò ní há ọ lẹ́nu níwájú àwọn àgbà wọ̀nyẹn, ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe kò ní di ti ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá ti ṣọ́ọ̀bù pa, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lọ́jọ́ iṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlélógún. Lọ́jọ́bọ̀, kí aago mẹ́jọ tó lù, màá ti wà lórí àga iwájú nínú yàrá tí wọ́n ti fẹ́ yẹ ìwé rẹ wò. Mi ò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní o ò lè ka orí kẹrin, màá dìde, màá gbà á lọ́wọ́ rẹ, màá kà á sókè fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi kì í sì í tètè kàwé, kí wọ́n yáa gbé oúnjẹ ọ̀sán wọn dání.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.