Fíìmù Olómìnira Tí A Wò ní Gbọ̀ngàn Ìjọ

Fidelma, ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni o, báwo ni Dublin, ṣé ara le, ṣé o ń jẹun dáadáa, ṣé o ń lọ Mísà? Áńgẹ́lì tó ń ṣọ́ ọ kò ní tòògbé. Àwa náà wà níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún ń dùn ún àmọ́ ẹnu ò dùn ún, àtàárọ̀ ló ti ń ráhùn. Àgùntàn olójú dúdú nì bí ìbejì. Òjò ń rọ̀, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìròyìn ní Mayo wa níbí.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ mú bírò ni ọ̀rọ̀ fíìmù. Fádà Jarlath pè mí lẹ́yìn Mísà, ó ní òtútù ti sọ gbogbo àgbà ìjọ di ẹni tó ń jókòó sílé wo ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn pa ara wọn nínú tẹlifíṣàn. Ó ní àwọn ọmọdé ní tiwọn, àwòrán àwọn ẹni mímọ́ tí eyín kì í dùn, ṣùgbọ́n àgbàlagbà Kátólíìkì tó ti rí ayé kò rí nǹkan wò. Ó ní kí n bá òun wá fíìmù tó ń mú èèyàn ronú, tó sì ń gbé ọkàn sókè, torí èmi ni mo ní fóònù ńlá tí o rà fún mi. Ó ní àwọn fíìmù olómìnira ni kí n wá. Mo bi bàbá rẹ pé ọwọ́ ta ni wọ́n ti gba òmìnira, ó ní ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, èyíkéyìí tí mo bá ti gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ bí ará London, mo sá fún un.

Mo kọ ọ́ sínú fóònù bí mo ṣe gbọ́ ọ, fíìmù fún àgbàlagbà. Fidelma, mo kọ́kọ́ rò pé ìtàn Ádámù àti Éfà ni, torí inú ọgbà ni wọ́n wà, kò sì sí aṣọ lára wọn. Mo pe bàbá rẹ kó wá wo Édẹ́nì. Ó wò ó títí, ó ní irun Éfà yìí mà ti dé ọ̀dọ̀ onídìrí o. Ìgbà náà ni ojú mi là. Mo ju fóònù sínú agolo búrẹ́dì, mo wọ́n omi mímọ́ lé e lórí. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún Fádà, ó rẹ́rìn-ín títí àga rẹ̀ fi ń dún, ó ní kí n fi Kátólíìkì kún ohun tí mo ń kọ sínú fóònù. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni àwọn èèyàn kan ti ń kọ̀wé sí mi lórí fóònù pé àwọn wà nítòsí, àwọn fẹ́ mọ̀ mí. Mo ti dá gbogbo wọn lóhùn pé mo lọ́kọ, àti pé bí wọ́n bá wà nítòsí lóòótọ́, kí wọ́n wá sí Mísà. Kò tíì sí èyí tó wá.

Níkẹyìn mo rí ọmọbìnrin kan ní Galway, Sorcha lorúkọ rẹ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fíìmù kan. Ó ní olómìnira túmọ̀ sí pé kò sí ilé iṣẹ́ ńlá kankan tó ń pàṣẹ fún òun. Mo ní ṣé kì í ṣe ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ní rárá, àmọ́ kò burú bí mo bá gbà bẹ́ẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́ gba ojú afẹ́fẹ́, mi ò rí ihò tó gbà wọ inú fóònù.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, a po tíì, a gé kéèkì, gbọ̀ngàn kún. Festus Gavin pàápàá wá, apẹja tí kò fẹsẹ̀ tẹ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láti ìgbà tí òkun ti gbé Colm ọmọ rẹ̀ lọ. Ó ń sọ fún ẹni gbogbo pé torí kéèkì lòun ṣe wá. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ lára ògiri, kò pẹ́ ló dúró gbagidi, kóró funfun kéékèèké wá ń yí po bí ìlẹ̀kẹ̀ rósárì. Mo mọ̀ pé Sorcha ló fi í síbẹ̀ ká fi gbàdúrà, mo bá kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ Mo Kí Ọ Màríà, gbogbo ilé dáhùn, ó pẹ́ kí àwòrán tó padà. Fádà fi ìwé orin bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ni.

Fíìmù ọ̀hún, ìyá àgbà kan ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, àràárọ̀ ló ń gbé ife méjì sórí tábìlì. Kò sí ìbọn, kò sí áńgẹ́lì. Lọ́jọ́ kan ó dojú kọ Ọlọ́run nínú ilé ìdáná, ó bú U bí ẹni ń bú ọkọ tó pẹ́ wọlé. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀. Ó tán.

Philomena Duffy tó ń to òdòdó sórí pẹpẹ dìde, ó ní ẹ̀wo lèyí, iṣẹ́ ìyanu dà, ṣé inú gbọ̀ngàn ìjọ ló yẹ ká ti máa gbọ́ èébú Ọlọ́run, ó ní èmi Delia ni mo fà á. Fidelma, ilẹ̀ ì bá lanu kí n wọlẹ̀. Ni Festus bá dìde, ó ní Philomena, jọ̀ọ́ jókòó. Ó ní èébú tí ìyá yẹn bú Ọlọ́run, òun bú jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọkọ̀ òun, ó ní òun rò pé òun nìkan ló ṣe irú ẹ̀ rí láyé, pé ẹni tó bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ti tì mọ́ ọn nìyẹn. Ó bi Fádà bóyá ìyá náà lọ Mísà lọ́jọ́ kejì. Fádà ní fíìmù ò sọ. Festus ní ẹ tún un fi hàn, kóun wò ó dáadáa. A tún un wò, kò sẹ́ni tó lọ, Philomena alára ló gbé kéèkì lọ fún Festus.

Ní Mísà tó kọjá, Festus wà lórí àga ẹ̀yìn pátápátá, fìlà rẹ̀ wà lórí itan. Kò kọrin. Nígbà tí wọ́n ní ká fún ara wa ní àlàáfíà, ó di ọwọ́ bàbá rẹ mú, kò tètè fi sílẹ̀, bàbá rẹ náà ò sì fa ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí a délé, bàbá rẹ ní òun fẹ́ lọ wo àgùntàn, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra aṣọ funfun tí a ó máa ta sára ògiri, torí ibi tí ògiri ti sán gba imú ìyá àgbà náà kọjá. Kí o sì bá wa wá fíìmù mìíràn, Festus ti dá mi dúró lọ́nà láti béèrè, Philomena sì ní kí ẹ̀rín wà níbẹ̀ díẹ̀.

Kí Brígídì Mímọ́ fi ìborùn rẹ̀ bò ọ́, kí ọ̀nà rẹ má jìn ju agbára ẹsẹ̀ rẹ lọ. Bí ọjọ́ kan bá sì wà tí inú rẹ ò dùn sí Ọlọ́run, sọ fún Un, kí o sì rí i pé o jẹun lẹ́yìn náà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Delia