Ẹni Tó Ń Tẹ Dùùrù fún Jemimah

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá
Ilé mi wà ní Agége, ilé-ìwé wà ní Ìkẹjà, ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ń tẹ dùùrù fún wà ní Abúlé Ẹ̀gbá. Mi ò tíì mọ ẹnì kankan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi dùùrù jẹun ní Àkúrẹ́ kí n tó padà sílé-ìwé wá gba oyè másítà nínú orin. Nínú kíláàsì, èmi ni mo dàgbà jù, èmi náà ni kì í sọ̀rọ̀. Jemimah, ọmọ àdúgbò Opebi, nìkan ló ń jókòó tì mí. Ó ní ojú mi dà bí ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

Ọjọ́bọ̀, 9
Wọ́n pín wa ní méjì-méjì fún ìdánwò. Jemimah á kọrin, màá tẹ dùùrù sí i. Máàkì tirẹ̀ lọ́tọ̀, tèmi lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ilé ló ń lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 12
Ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá Stella ló dá orin. Wọ́n gbé e ga jù, wọ́n tún já a wálẹ̀ láàárín. Mo ń sáré tẹ̀ lé wọn kiri. Iṣẹ́ àwa tá à ń tẹ dùùrù nìyẹn — a kì í jẹ́ kójú ti olórin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14
Ìdánwò. Ẹ̀rù ba Jemimah. Láti ẹsẹ kejì ni ohùn rẹ̀ ti ń gòkè kúrò níbi tí ìwé fi orin sí. Ọwọ́ mi tẹ̀ lé e kí n tó rò ó. Kíláàsì pàtẹ́wọ́.
Gíláàsì — Dókítà Ògúnjìmí, olùkọ́ wa, ni mo ń pè bẹ́ẹ̀ — ò pàtẹ́wọ́. Wọ́n dá mi dúró nígbà táwọn yòókù lọ. Ta ló ní kí n kúrò lórí ìwé? Mo ní bá a ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Wọ́n ní àwọn náà ti tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì rí.
"Ẹ bò ó láṣìírí lónìí. Tó bá bọ́ síwájú ẹni tí ò ní bò ó ńkọ́?"
Wọ́n ní a máa tún ìdánwò náà ṣe. Tí mo bá tún tẹ̀ lé e, kí n máa lọ sílé. Tí mi ò bá tẹ̀ lé e, àwọn á mọ máàkì tó tọ́ sí Jemimah.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18
A dánra wò. Ẹ̀rọ iléeṣẹ́ oníke ń kùn lẹ́yìn ògiri. Ohùn rẹ̀ tún gòkè, ọwọ́ mi tún bá a lọ. Mo ní ká rọra máa wo ìwé.
"Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ̀yẹ, ṣé ìwé ló pàtẹ́wọ́ ni?"
Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ó ra bọ̀ọ̀lì fún mi.

Ọjọ́rú, 22
Mi ò tíì jẹ́ kí Jemimah mọ ohun tí Gíláàsì bá mi sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 24
A tún ìdánwò ṣe. Ẹsẹ kejì. Ó gòkè. Mo tẹjú mọ́ ìwé, mo di ọwọ́ mi mú síbẹ̀. Gbogbo yàrá gbọ́ ọ — ohùn lọ́tọ̀, dùùrù lọ́tọ̀. Ó wá mi kiri, ó lọ sókè, ó já wálẹ̀, ó dákẹ́. Gíláàsì ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Èmi nìkan ni mo tẹ̀ ẹ́ parí.
Mo yege. Òun ò yege.
Ó ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Kò sunkún.
"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti ń gbọ́ ọ látọjọ́ yìí pé ohùn mi ń gòkè?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.