Ibi Tí Orí Yín Máa Ń Sinmi Lára Ògiri

Bàbá mi, ẹni tí mo ṣì ń kí nígbàkigbà tí mo bá ṣílẹ̀kùn,

Òjò ọdún yìí tún wọlé sí wa. Ó dé orókùn nínú yàrá yín. Nígbà tí omi fà, mo kó ẹrù síta, mo sì ṣe bí ẹ ṣe kọ́ mi: mo ti ìka bọ omi tó mọ́, mo kán an sára nǹkan kọ̀ọ̀kan, mo sì ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá. Èyí tí omi bá dúró lé lórí kì í mumi. Ọṣẹ àti bílíìṣì tó o. Èyí tí omi bá rá mọ́ lára ti mu ìdọ̀tí àgbàrá yó. Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ fi nulẹ̀ ní ọsibítù ní Ìlúpéjú, òfin tí ẹ mú bọ̀ wálé nìyẹn.

Abọ́ tánganran tí ẹ fi ń mu ògì yè. Búùtà àlùwàlá yín yè. Fóòmù yín ti mu omi ìka mi kí n tó ka ẹ̀ta. Ọjọ́ méjì ni mo fi sá a sóòrùn, tí mo ń ṣírò iye tí tuntun ń tà, kí n tó gbà láti gbé e jù nù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ògiri ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Lọ́dún tó kọjá tí omi kọ́kọ́ wọlé, ògiri yín bu, nǹkan dúdú hù sí i lára. Ó yẹ kí n ha sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kúrò, kí n jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí n sì tún un rẹ́. Mo bi bíríkìlà ní iye. Mo bi ẹni tó ń ta ọ̀dà. Garawa ọ̀dà kan kò tó ìdámẹ́rin owó bíríkìlà. Ràsákì àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn kùn ún jàre! Ta ló fẹ́ bọ́ṣọ lára ògiri wò?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo kùn ún.

Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, ẹ wọlé, ẹ tẹ́ ẹní yín, ẹ fi ìka tútù kan ògiri náà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣàdúà fún wa.

Kò pé oṣù méjì tí dúdú yẹn yọ padà. Ìgbà náà ni ikọ́ yín bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni. Mo gbà, nítorí pé gbígbà kò ná mi ní nǹkan kan. Ọyẹ́ ò bá yín láyé. Bàbá, kí ni ìka yín rí lọ́jọ́ yẹn? Ṣé ẹ mọ̀ pé ògiri ṣì ń mumi lábẹ́ ọ̀dà? Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí?

Àmínà ọmọ mi ló ń sùn ní yàrá yín báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wúkọ́, mo sì mọ ohùn ikọ́ náà. N ò bi ẹnikẹ́ni ní iye. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyàwó Ràsákì, mo ṣí fèrèsé, mo so aṣọ mọ́ imú, mo wọ́n omi kí eruku má bàa fò, mo sì gbé òòlù. Ràsákì tẹ̀ lé mi wá.

“Ẹ gbé òòlù yẹn fún mi. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ kùn ún.”

“Èmi ni mo kùn ún.”

“Ẹ ṣáà gbé e wá, ẹ̀gbọ́n.”

Ó ha á títí ó fi dé ibi tí ẹ máa ń fi orí tì lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Àdí àgbọn irun yín ti sọ ibẹ̀ di róbótó bí ẹnu abọ́. Ọ̀dà èṣí kò lẹ̀ mọ́ ọn. Nǹkan dúdú yí i ká, ṣùgbọ́n kò wọ inú rẹ̀. Ràsákì gbé òòlù sókè, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ti ìka bọ omi, mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, mo kà dé ẹ̀wá. Mo tún kà dé ogún. Omi náà kò wọlé. Ó ń dán níbẹ̀.

Àmínà ti ń sùn dáadáa. Ní ti ikọ́ yín, n ò mọ̀ bóyá ọ̀dà mi ló fà á. Kò sí ibi tí mo lè kán omi sí kí n mọ ìyẹn.

Nígbà tí bíríkìlà dé, ó bi wá ìdí tí a fi dá ojú kan sí láàárín ògiri. Ràsákì ló dá a lóhùn.

“Ìyẹn kì í mumi.”

Èmi ni, ọmọ yín, tí mo fi ọṣẹ nù ún, tí mo sì fi orí tèmi tì í.