Ọkùnrin Tó Wà Níwájú Mọ́tò Pupa

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Ẹ kú ilé o, Yèé mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti inú yàrá kékeré mi ní Igbona, ní Òṣogbo níbí. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku, ẹ kú àárò mi. Mo kí gbogbo ará ilé, àgbà àti èwe. Yèé mi, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ ka lẹ́tà yìí sí Bàámi létí, nítorí ẹ̀yin lẹ máa ń ka nǹkan délẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan, bí Bàámi tilẹ̀ ń wò yín pé kí ẹ dákẹ́.

Mo mọ̀ pé kò dáa kí ọmọ máa bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa ní ìwé kan tí wọ́n ń tẹ̀ jáde, mo sì ti fún wọn ní ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yìí. Gbangba ni wọ́n ti fi ilé wa rẹ́rìn-ín. Gbangba náà ni n ó ti fèsì.

Ara mi le. Ọyẹ́ ti bó ètè mi, omi tí a ń fà nínú kànga ilé yìí tutù débi pé mo máa ń kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ kí n tó dà á sára. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Òkè-Fìà, níbi tí mo ti ń bá wọn to àwòrán òkú àti ti ìyàwó sórí bánà. Ohun tí wọ́n ń fún mi tó mi jẹun, ẹ má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ọ̀gá ibẹ̀ ní ọwọ́ mi mọ́ ṣùgbọ́n ẹnu mi wúwo. Òótọ́ ni. Ọ̀kadà ń pariwo, kẹ̀kẹ́ ń pariwo, èèyàn ń pariwo, kò sì sí ẹni tí ó ń bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo ní mo fẹ́ ra usu, bí a ṣe ń pe iṣu nílé, àwọn ọmọ kíláàsì mi tó wà níbẹ̀ di ara wọn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ará oko ti dé. Láti ìgbà náà, ìka ni mo ń nà sí ohun tí mo bá fẹ́ rà.

Bàámi, ẹ pè mí ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ ní ẹ ti rẹ́ ògiri iwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì yín, ẹ ti kùn ún ní funfun, èmi nìkan ló kù tó ń dúró dè. Ẹ ní gbogbo ẹgbẹ́ yín ló ti gbọ́ pé ọmọ yín tó ń kọ́ṣẹ́ àwòrán ní Òṣogbo ń bọ̀ wá ya mọ́tò pupa náà sí i lára, kí ó tóbi débi pé ẹni tó bá ń ti Iléṣà bọ̀ á ti máa rí i lókèèrè. Mo ní mo gbọ́, sà. Ẹ bi mí pé kí ló ṣe ohùn mi. Mo ní ọyẹ́ ni. Kì í ṣe ọyẹ́.

Ẹni tí kò bá wọ ilé wa rí kò lè mọ mọ́tò pupa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tó ń kà á níbí. Ẹ̀gbọ́n bàbá Bàámi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Rélùwéè, ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo nígbà ayé wọn. Òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ kó ẹrù sílẹ̀ fún wọn. Páálí mọ́tò ìṣeré kan wà nínú ẹrù náà, irú mọ́tò oníke tí ẹ̀yà rẹ̀ máa ń wà ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ̀, tí ọmọdé yóò fi gọ́ọ̀mù tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n gbé e wá sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà fún yín nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé. Ẹ tò ó. Ẹ máa ń sọ pé ọjọ́ yẹn gan-an lẹ di mẹkáníìkì. Mọ́tò náà ti fọ́ kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n ẹ gé ojú páálí náà tó ní àwòrán, ẹ fi gíláàsì sí i, ẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀, ní ọ̀kánkán àga tí mo máa ń jókòó sí jẹun.

Mọ́tò pupa ni, kò ní òrùlé. Òyìnbó ọkùnrin kan ń wà á, obìnrin kan jókòó tì í, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Níwájú mọ́tò náà ni ọkùnrin dúdú kan wà. Koríko ló so mọ́ ìdí. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó la ẹnu, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí a ṣe ń wò ó. Ẹ ní ọkùnrin yẹn jáde wá pàdé mọ́tò tuntun ni. Orin ló ń kọ, ijó ló ń jó, koríko ìdí rẹ̀ sì jẹ́ aṣọ ọdún. Ẹ ní àwọn òyìnbó ń rẹ́rìn-ín nítorí inú wọn dùn pé a mọ àlejò ṣe. Kí ni ǹ bá fi jiyàn? Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe é. Ta ló ra mọ́tò ládùúgbò wa tí kò kọ́kọ́ wà á wá sọ́dọ̀ yín? Ẹ̀yin lẹ máa ń bu omi tútù sí ẹsẹ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ẹ máa ń gbàdúrà pé kò ní mu ẹ̀jẹ̀, kí àwọn ará ilé ẹni tó rà á tó jó níwájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọn, tí awakọ̀ á sì máa rọra yí táyà bí ẹni ń tọ́ ọmọ rìn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní àwòrán ní kí kálukú mú àwòrán kan wá láti ilé, èyí tó jẹ́ kí iṣẹ́ yìí wù ú. Ẹ rántí bí mo ṣe wálé. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gun àga láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Yèé mi fi ìró wé e. Ẹ sìn mí dé gáréèjì, ẹ ní kí awakọ̀ rọra, pé ẹrù tó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ yín kì í ṣe ẹrù lásán.

Ọjọ́ tí mo gbé e dé ilé ẹ̀kọ́ ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì. Mo gbé e dúró, mo sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́, mo tiẹ̀ na ọwọ́ sókè bí ẹ ṣe máa ń nà án. Gbogbo wọn dákẹ́. Mo rò pé ó dùn mọ́ wọn ni. Làtí, ọmọ Òṣogbo kan tó jẹ́ aláwàdà wa, ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní háà, Ìjẹ̀ṣà, ijó wo? Ó ní bàbá yìí ń sá àsálà fún ẹ̀mí ẹ̀ ni o, wọ́n fẹ́ gbá a ni, àbí o ò rí búmpà lẹ́yìn ìdí ẹ̀ ni? Kíláàsì tú. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kí n bá òun kí bàbá tó ń jó lójú ikú.

Ọ̀gá wa kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ṣe burú ju ẹ̀rín lọ, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé. Ó ní nígbà kan, àwọn tó ń ṣe irú nǹkan ìṣeré bẹ́ẹ̀ kì í ro ohun tí wọ́n ń yà sára páálí lẹ́ẹ̀mejì, bí ọmọ bá ṣáà ti lè tìtorí rẹ̀ fa aṣọ ìyá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù pé kí ó rà á. Ó ní ẹni tó ya èyí rò pé ìbẹ̀rù èèyàn dúdú á pa ọmọdé lẹ́rìn-ín. Ó wá bi mí, jẹ́jẹ́, pé ẹni tó bá ń jó pàdé mọ́tò ní ìlú wa, ibo ló ń kọjú sí? Mo ní mọ́tò náà ni, pé ṣe ni wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn kí ojú wọn lè wà lára rẹ̀. Ó ní kí n wo àwòrán mi dáadáa.

Bàámi, ọkùnrin yẹn kọ ẹ̀yìn sí mọ́tò.

Gbogbo oúnjẹ tí mo jẹ níwájú rẹ̀ láti kékeré, n kò rí i.

Láti ìgbà náà ló ti wà lára ògiri yàrá mi, mo sì ti wò ó títí ó fi sú mi. Ẹni tó yà á mọ iṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ya òjìji igi sára irin mọ́tò náà bí ẹni ya dígí. Ó ya eyín obìnrin yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin dúdú náà kò ní ìka. Mo ti máa ń rò pé ogbó páálí ló jẹ ìka náà. Rárá o. Kò yà wọ́n ni. Ó ráyè fún eyín, kò ráyè fún ìka.

Nísinsìnyí, bí mo bá ń kọjá, wọ́n á máa fi ẹnu fun fèrè mọ́tò lẹ́yìn mi. Póòm-póòm! Ọmọ oníjó, yà fún òyìnbó o! Lọ́jọ́ kan, n kò mọ̀ pé àwọn ni, mo fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ìwé mi dà sínú gọ́tà. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín ọjọ́ náà. Èmi náà sá níwájú mọ́tò, mọ́tò tí kò tiẹ̀ sí.

Alhaja tó ni ilé tí mo ń gbé kì í bá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Aránṣọ ni wọ́n, wọ́n sì láàánú. Wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín wá fún mi ní ìrọ̀lẹ́ kan, ojú wọn kan àwòrán náà. Wọ́n ní subuhánàllàhi, ọmọ ta ni wọ́n ń lé báyìí, tí wọ́n tún bọ́ sí ìhòòhò? Mo ní láti pálọ̀ bàbá mi ni. Wọ́n tún ìdérí abọ́ ṣe, wọ́n wá rọra bi mí pé ṣé bàbá mi ò ríran dáadáa ni. Mo ní ẹ ń ríran. Mo ní ẹ lè wo èéfín tó ń jáde lẹ́yìn mọ́tò kí ẹ sì sọ ohun tó ń ṣe é nínú. Ohùn mi le jù, mo ní láti kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Mo lè gbé ìyẹn mì. Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà dípò kí n pè yín ni ohun tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ ní Sátidé. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ó ku nǹkan kan. Ẹ ní bí mo bá ń ya ọkùnrin iwájú mọ́tò náà sára ògiri, kí n fún un ní ojú yín. Ẹ ní ta ló ti ń pàdé mọ́tò àwọn èèyàn láti ọjọ́ yìí wá bí kò ṣe ẹ̀yin, ó yẹ kí ìlú mọ̀. Mo gbọ́ ohùn Yèé mi lẹ́yìn yín, wọ́n ní kí n má gbàgbé orí yín tó ti ń pá o, kí ó má lọ di pé ọkọ ẹlòmíì ni mo yà.

Bàámi, n kò ní yà á.

N kò ní fi ọwọ́ ara mi gbé yín síwájú búmpà ẹni tó ń fi yín rẹ́rìn-ín. N kò ní bọ́ aṣọ lára yín kí n so koríko mọ́ yín nídìí lójú títì, kí ẹni tó bá jọ Làtí máa nàka sí yín láti inú bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìwọ fìlà. Ẹ bínú sí mi bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ sọ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ ní nígbà tí ẹ to mọ́tò náà tán, ẹ gbọn páálí náà títí, ẹ ń wá ọkùnrin yẹn. Wọ́n kó òyìnbó méjèèjì sínú rẹ̀, òun ni wọn kò kó. Ẹ sunkún. Ẹ wá mú ọ̀bẹ, ẹ fi igi gbẹ́ tiyín, ẹ gbé e síwájú mọ́tò. Mo ní báwo ló ṣe rí? Ẹ dìde, ẹ fi àga ṣe mọ́tò, ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ kọjú sí àga náà, ẹ sì ń fi ẹ̀yìn jó lọ títí ẹ fi kan ilẹ̀kùn. Yèé mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ọkùnrin yẹn ni ǹ bá yà fún yín. Ìka rẹ̀ pé, mo mọ̀ pé ó pé. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ jù ú sínú iná nígbà tí ẹ dàgbà díẹ̀, nítorí pé kò jọ ti ara páálí. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, ju póòm-póòm lọ. Tiyín ló tọ́, ẹ sun ún. Tiwọn ni kò tọ́, ẹ fi gíláàsì sí i.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní ṣé ohun tí mo lọ kọ́ ní Òṣogbo nìyẹn, kí ijó lè di sísá fún ikú lójú mi? Bẹ́ẹ̀ ni o. Ohun tí wọ́n kọ́ mi nìyẹn. Mo ti gbìyànjú láti tún rí ijó náà. Mo ti dijú, mo ti là á lójijì, mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó bí àlejò. Kò sí ijó níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ṣì ní in. Èmi ni mo pàdánù rẹ̀, n kò sì mọ ẹni tí mo fẹ́ bi.

N ó gbé àwòrán náà padà wá ní Kérésì, nítorí tiyín ni. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́ padà síbi tó wà, ẹ gbé e kọ́, pálọ̀ yín ni. Ẹ̀bẹ̀ kan péré ni mo ní. Kí n tó dé, ẹ bá mi yí àga mi padà. Ẹ jẹ́ kí èmi náà kọ ẹ̀yìn sí mọ́tò yẹn nígbà tí mo bá ń jẹun, kí èmi àti ọkùnrin náà jọ máa wo ibì kan náà.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí ẹ̀yin méjèèjì sí fún mi. Iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní bàjẹ́, mọ́tò tí ẹ bá fi omi sí lẹ́sẹ̀ kò ní mu ẹ̀jẹ̀ láéláé. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ará ìta, ẹ kí àwọn ẹgbẹ́ yín. Bí wọ́n bá bi yín pé kí ló dé tí ògiri ṣì fi funfun, ẹ sọ fún wọn pé ọmọ yín ló kọ̀, kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n yà.

Èmi ni ọmọ yín,
Mosúnmọ́lá