Ẹ̀gẹ́ Kò Mọ̀ Pé Ọ̀la Ni Ìsinmi

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gẹ́ tí mo rà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn kún iwájú ibi iṣẹ́ gààrí mi. A ò tíì já a sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tán tí rédíò fi kéde pé ìjọba ti sọ ọ̀la di ìsinmi ọdún Híjírà.

Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti hú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá pẹ́ nílẹ̀, inú rẹ̀ á dúdú.

Mo bẹ àwọn tó ń bá mi bó ẹ̀gẹ́ pé kí wọ́n wá lọ́la. Ìyá Ráṣídà, àgbà wọn, rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àlàájà, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé ọ̀gá tẹ́ ẹ bá ṣiṣẹ́ ní Àbíjàn nígbà kan máa ń sanwó ọjọ́ ìsinmi fún yín, tẹ́ ẹ sì máa ń jókòó sílé?”

Ẹnu mi ló kó bá mi. Mo ní kí wọ́n sinmi, owó wọn á pé. Àdúrà ni wọ́n ń rọ̀jò rẹ̀ lé mi lórí. Àmín ò fẹ́ẹ́ jáde lẹ́nu mi.

Èmi nìkan ni màá bó o lọ́la, dé ibi tí agbára mi bá mọ. Ìyókù...

Ohun tí mi ò sọ fún wọn rí ni pé ọ̀gá yẹn náà ló dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ìsinmi ti pọ̀ jù, apá òun ò ká a mọ́. Mo ṣépè fún un títí mo fi padà sílé.

Ní báyìí, mo ń ro ẹni tí èmi náà máa kọ́kọ́ dá dúró. Ìyá Ráṣídà ló wá sí mi lọ́kàn. Òun ló ṣàdúrà fún mi jù.