Ọwọ́ Tó Wà Léjìká Mi

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà, ìwọ, ìyàwó àtàwọn ọmọ? Màmá ní kí n kí ọ. Ara wọn le koko. Èmi ni inú ń bí.

Wọ́n rí àwọn fọ́tò ìgbà ogun nínú àpótí irin kan, lájà ilé ayàwòrán tó ti dolóògbé, wọ́n sì pàtẹ wọn sí gbọ̀ngàn ńlá. Mo lọ wò ó. Ta ni mo rí lára ògiri? Èmi, ọmọ ọdún mẹ́fà, mo tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọmọ òrukàn, òun nìkan."

Òrukàn kẹ̀, èmi tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wí láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò náà. Òun nìkan kẹ̀, nígbà tí ọwọ́ kan wà léjìká mi, tí tépù ìwọnṣọ wé mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀hún. Ta ló tún ń wé tépù mọ́wọ́ bí ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin? O ò bá a láyé, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé Màmá ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, wọ́n ń sọ pé ojú rẹ̀ ti ń pòórá lọ́kàn àwọn.

Ọ̀gá ìpàtẹ náà ní àwọn gé ẹnì kejì kúrò kí fọ́tò lè dùn ún wò. Mo ní kó fi odindi rẹ̀ hàn mí. Ó ní kí n kọ̀wé. Mo kọ̀wé. Ó ní kí n gba fọ́ọ̀mù. Mo gbà á. Nígbà tí mo débẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní fọ́ọ̀mù náà ti yí padà. Mo bá fìdí kalẹ̀ sórí àga wọn, mo ní, "Ẹni tó gé ẹ̀gbọ́n mi kúrò ni yóò dá a padà."

Obìnrin tó ń tọ́jú fíìmù ló ṣàánú mi, ó tẹ odindi rẹ̀ jáde. Àbúrò, lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, ẹ̀gbọ́n wa dijú. Ó dijú pinpin. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n yà á láyé! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá bébà jà. Ẹ̀rù bà mí láti gbé e fún Màmá, torí ojú yẹn gan-an ni wọ́n ń wá.

Màmá gbé e lọ sídìí fèrèsé, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Òun nìyí. Bó ṣe máa ń dijú nìyẹn tí mo bá ń bá a wí." Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí, jẹ́jẹ́, pé ta ló rán an jáde lọ́jọ́ tó jáde tí kò padà. Ó dijú, ó ń gbọ́ wọn.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ yín. Ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn yín kò ní kúrò léjìká yín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò náà padà. Ó di "Ọmọdé kan àti sójà tó gbà á là." Nítorí ṣòkòtò kákí tí ẹ̀gbọ́n wa rán fún ara rẹ̀. Sójà kẹ̀, télọ̀ tó máa ń sá sábẹ́ máṣíìnì tó bá gbọ́ ìró ìbọn. Mo ń padà lọ lọ́jọ́ Ajé.